Iná Mọ́tò Tí Wọ́n Fi Kan Opó

Wọ́n sin ọkọ Mojírádé tán, ẹ̀gbọ́n olóògbé, Ọlátẹ́jú, gba mọ́tò rẹ̀, ó pààrọ̀ sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, kó lè máa bú bí ẹkùn. Iná tó ń kìlọ̀ pé nǹkan ń ṣe ẹ́ńjìnnì tàn níwájú awakọ̀, kò kú. Ó ní èpè opó ni, kí Mojírádé pa iná náà lójú ẹbí, àbí kó kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ rẹ̀ ti ń tún mọ́tò ṣe. Mojírádé mú ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn mọ́tò wá. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ti fọwọ́ kan mọ́tò yìí lẹ́yìn ọkọ mi?” “Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Èmi nìkan!” “Ẹbí, ẹ gbọ́ o.” Ó ki ẹ̀rọ bọ mọ́tò, ó ní kí ìyàwó Ọlátẹ́jú kà á. Ìyẹn ní, “Sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ èéfín ò sí ní sàlẹ́ńsà mọ́.” Mojírádé ní, “Èpè tèmi kì í lo sípánà.” Ẹbí rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un. Mọ́tò ọkọ Mojírádé ni Ọlátẹ́jú ṣì wà lọ sílé, kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló fún un.