Láníyọnu Kò Fẹ́ Bo Irun Rẹ̀

Láníyọnu, ọlọ́kadà kan ní Òkè-Àgbède, ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun tuntun, kò sì fẹ́ fi ohunkóhun bò ó. Lọ́jọ́ tó ń gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ sóko, ọwọ́ ọ̀kadà ló fi akoto onídígí rẹ̀ kọ́.

Ìyá wò ó, ó ní, “Ọmọ mi, olójú kì í lajú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́.”

Láníyọnu rẹ́rìn-ín. “Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Tàlùbọ̀ wo ló máa lé ọ̀kadà mi bá?”

Ìyá tú gèlè rẹ̀. Ó mú akoto náà, ó dé e.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí kòkòrò kan fi kó sí Láníyọnu lójú. Ó di ojú méjèèjì pa, ó ń lọgun, ọ̀kadà sì yà kúrò lọ́nà, ó di inú àbàtà tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ sùn sí. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ dìde, wọ́n fàyè sílẹ̀ fún àlejò.

Ìyá nu ẹrẹ̀ kúrò lára dígí, ó rọra jáde. Nǹkan kan kò ṣe é.

Láníyọnu fi ojú wíwú wò ó. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú akoto yẹn wá.”

“Èyí ti di tèmi,” ni Ìyá wí. “Lọ ra tìrẹ.”