Ìdí Tí Ìlẹ̀kùn Mọ́tò Fi Ń Há Ẹni Mọ́ Inú

Ta ni wọ́n ṣe ìlẹ̀kùn fún? Ṣé ẹni tó fẹ́ wọlé ni, àbí ẹni tó fẹ́ jáde? Ìbídùn ọmọ mi ló bi mí, mi ò sì tíì rí èsì fún un títí di òní. Ìtàn yìí ni mo sọ fún un dípò èsì.

Nígbà kan rí, kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé ibikíbi, Mọ́tò ń gbé láàárín àwọn ẹranko bí ará ilé. Òun ló ń gbé wọn lọ sọ́jà, òun ló ń gbé wọn bọ̀. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò le nígbà náà. Ẹni tó wà níta á fà á, á ṣí. Ẹni tó wà nínú á fà á, á ṣí. Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn, tó ń gbé ní apá inú, kì í bi ẹnikẹ́ni pé ta ni.

Ọ̀bọ ló ba nǹkan jẹ́. Bí àwọn ẹranko bá ti sọ̀ kalẹ̀, tí Kọ́kọ́rọ́ sì ti ìlẹ̀kùn láti ìta, Ọ̀bọ á fọ́ gíláàsì, á na apá gígùn wọlé, á fa Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn, á sì kó gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Gíláàsì tó ń fọ́ yẹn ń dun Mọ́tò bí ìgbà tí wọ́n bá yọ eyín èèyàn.

Mọ́tò bá pe Kọ́kọ́rọ́ àti Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn jókòó. Ó ní bí Kọ́kọ́rọ́ bá ti yí, Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, ẹni yòówù kó fà á.

Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn bi í pé, "Bí ẹni tó fà mí bá jẹ́ ará ilé ńkọ́? Ọwọ́ nìkan ni mò ń rí, mi ò kì í rí ojú."

Kọ́kọ́rọ́ ló wá ní kò le rárá. Kí òun tó yí, òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun á kágò bí ọmọlúàbí. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú, á dáhùn pé àgò yà, òun ò sì ní yí. Bí kò bá sí èsì, a jẹ́ pé kò séèyàn.

Wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn búra.

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, Àgbébọ̀ adìẹ gbé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wọ Mọ́tò. Nígbà tí wọ́n dé, ó fẹ́ sáré ra àgbàdo. Ó ní kí ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ ìjókòó, òun ń bọ̀ kíá.

"Bí o bá gbọ́ ohùn tí o kò rí ẹni tó ni ín, má dáhùn o," ló sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ náà ṣe kọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí Kọ́kọ́rọ́ fi dé. "Àgò o."

Òròmọdìẹ gbọ́. Ó la ẹnu, ó rántí ìyá rẹ̀, ó pa á dé.

"Àgò onílé o."

Òròmọdìẹ ti orí bọ abẹ́ ìyẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yí, ó sì bá tirẹ̀ lọ sínú ọjà.

Oòrùn mú. Inú Mọ́tò gbóná bí ààrò. Òròmọdìẹ fi ẹnu fa Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn, kò ṣí. Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn mọ̀ pé ẹnu kékeré yìí kì í ṣe apá Ọ̀bọ. Àmọ́ kò mọ èyí tó burú jù, kí òun da ìbúra ni àbí kí òun pa á mọ́. Ó di ara rẹ̀ mú, kò ṣí.

Àgbébọ̀ dé, ó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, tó la ẹnu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó fa ìlẹ̀kùn títí. Ó yí Mọ́tò po, kò mọ ibi tí ì bá gbà, Kọ́kọ́rọ́ kò sì sí nítòsí.

"Fà á láti inú, ọmọ mi."

"Mo ti ń fà á, Màámi. Kò gbọ́ tèmi."

Ìgbà yẹn ni Ọ̀bọ yọ sí wọn, ó ń wá ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ìwọ olè yìí, kí lo tún wá jí?" ni Àgbébọ̀ wí. Kò tíì pa ẹnu dé tó fi kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ́ gíláàsì yìí."

Ọ̀bọ họ orí. "Lánàá, ẹ lé mi wọgbó torí pé mo fọ́ ọ. Èwo gan-an ni kí n ṣe?"

"Ẹ fọ́ ọ."

"Ẹ má kígbe olè lé mi lórí o."

Ó fọ́ ọ. Ó fa Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn bó ṣe máa ń fà á, kò ṣí fún òun náà. Ló bá na apá gígùn rẹ̀ sísàlẹ̀, ó gbé òròmọdìẹ gba ojú gíláàsì jáde. Ọmọ náà ti rọ bí ewé. Ìyá rẹ̀ fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ, ó fún un lómi díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ fi sín tó sì lajú.

Ni ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò ní Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn ló jẹ̀bi. Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn ní Kọ́kọ́rọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ ní òun kágò. Òròmọdìẹ ní ìyá òun ló ní kí òun má dáhùn. Gbogbo ojú yí sí Àgbébọ̀. Wọn ò lè ní kí Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn jáwọ́ nínú ìbúra, torí Ọ̀bọ ṣì dúró níbẹ̀, ó ń wo ẹrù wọn. Wọ́n túká láìdájọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Kọ́kọ́rọ́ ti bínú, tí kì í kágò mọ́ kó tó yí, tí Ọwọ́ Ìlẹ̀kùn sì ń pa ìbúra rẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ olè, ì báà jẹ́ ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn náà ni adìẹ ti ń pe ọmọ rẹ̀ kọ̀kọ̀kọ̀ níbi gbogbo tó bá ń lọ, tí òròmọdìẹ sì ń dáhùn wíó wíó láìsinmi, bí kò tilẹ̀ rí ẹni tó pè é.

Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn tí mo sọ ìtàn yìí kí n tó mọ̀ pé àwọn mọ́tò kan wà tó jẹ́ pé, bí a bá tẹ bọ́tìnì ara kọ́kọ́rọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan láti tì wọ́n, ẹni inú ṣì lè ṣílẹ̀kùn jáde. Títẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, èyí tí a máa ń tẹ̀ kó lè dá wa lójú pé a ti tì í, ló ń há a mọ́ inú.