Màrìwò Ojú Ọ̀nà Òkè-Àfọ̀n

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ abúlé Òkè-Àfọ̀n, ọ̀nà ọ̀hún sì burú kọjá àfẹnusọ. Bí ènìyàn bá ti kúrò ní ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, gbòǹgbò igi ni yóò kọ́kọ́ pàdé, wọ́n yọ síta bí iṣan ọwọ́ arúgbó. Lẹ́yìn gbòǹgbò ni odò kékeré tó kún fún òkúta, lẹ́yìn odò ni àpáta tó ń yọ̀ bí ẹni pé wọ́n da ilá sí i. Nígbà tó bá wá ku díẹ̀ kí a wọ abúlé, ìtì ìrókò kan wà tó dùbúlẹ̀ gbalaja sójú ọ̀nà. Kò ga ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ níbẹ̀ tó fi le bí òkúta, ayùn kò ràn án. Ẹlẹ́sẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ọlọ́kadà ni kò rójútùú rẹ̀.

Àwọn ará ibẹ̀ ní àṣà kan. Ibikíbi tí ènìyàn bá ṣubú sí lójú ọ̀nà yìí, wọn a so màrìwò ọ̀pẹ mọ́ ibẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ṣọ́ra. Àánú ló bí àṣà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, màrìwò pọ̀ débi pé àlejò a máa bèèrè bóyá orò fẹ́ jáde.

Lọ́dún kan, àwọn ọmọ Òkè-Àfọ̀n tó wà lókè òkun fi alùpùpù kan ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí wọ́n ń gùn nínú igbó. Ó ga nílẹ̀, táyà rẹ̀ yọ eyín bí àgbàdo, igbe rẹ̀ sì ń mú kí ewúrẹ́ já okùn. Iṣẹ́ kan ni wọ́n rán an: kí ó máa gbé àpótí yìnyín tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ gòkè lóṣooṣù, kí yìnyín tó yọ́.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí ká Ìbídùn, ìyàwó Túbọ̀sún, lára ju ẹnikẹ́ni lọ. Akínjídé ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn gbé abẹ́rẹ́ tirẹ̀ gòkè, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni yìnyín ti domi kí ó tó débẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ní òògùn náà ti bàjẹ́. Bí ara ọmọ náà bá gbóná díẹ̀ báyìí, Ìbídùn kò ní fojú kan oorun. Yóò gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, yóò gbé e lé e láyà, yóò tún pa dà sí iwájú orí.

Nítorí náà, nígbà tí baálẹ̀ ní àwọn ń wá ẹni tí yóò máa gun ọ̀kadà náà, Ìbídùn ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ẹni kejì tó nawọ́ ni Ọdẹ́yalé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tó ti ń gun ọ̀kadà tipẹ́. Gbogbo ayé mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n gùn. Gbogbo ayé tún mọ̀ pé bí ọ̀kadà náà bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ọjọ́ tó bá wù ú ni abẹ́rẹ́ yóò gòkè.

Baálẹ̀ fún wọn ní oṣù kan láti fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, oníkálukú wọn yóò gbé àpótí ẹyin mẹ́wàá láti ìsàlẹ̀ dé abúlé. Ẹni tí ẹyin rẹ̀ kò bá fọ́ ló ni iṣẹ́ náà, nítorí ìgò abẹ́rẹ́ kò le ju ẹyin lọ.

Ìbídùn kọ́ ọ tokuntokun. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti mọ gbòǹgbò, ó ti mọ odò, ó ti mọ bí a ti í gun àpáta láìyọ̀. Ìtì ìrókò ló kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣubú níbẹ̀, wọ́n sì so màrìwò méjì fún un gẹ́gẹ́ bí àṣà. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti sún mọ́ ibẹ̀, màrìwò méjì yìí ni ojú rẹ̀ máa ń lọ bá, apá rẹ̀ á le gan-an, ọ̀kadà á sì kú mọ́ ọn lábẹ́.

Ọdẹ́yalé kò jẹ́ kí ó gbádùn. “Ìyàwó wa,” ló wí lọ́jọ́ kan, “bí o bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, màrìwò á tó fi kọ́ ahéré fún ọ níbẹ̀.”

“Ọkọ mi,” ni Ìbídùn fèsì, “ẹ máa ṣẹ́ màrìwò tiyín sílẹ̀.”

Ó sọ ọ́ bí akin, ó sì pa dà sídìí ìtì. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù pé, Ìyá Mọrádéún, ìyá ọkọ rẹ̀, ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí, ó sì bá a níbi tó jókòó sórí ìtì, tó ń fi itọ́ pa orúnkún tó bó.

“Ìbídùn, kí lò ń wò nígbà tí o bá dé ibí?”

“Màrìwò mi ni, Ìyá. Ibi tí mo ṣubú sí ni mò ń ṣọ́.”

Ìyá Mọrádéún kò sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó gbé èkejì tẹ̀ lé e, ẹ̀kán omi kan kò ta sílẹ̀. Ó rọra yí pa dà.

“Ogójì ọdún ni mo ti ń ru omi kọjá níbí. Ẹni tó ru omi kò gbọdọ̀ wolẹ̀. Bó bá wolẹ̀, ìkòkò á lọ. Iwájú ni mò ń wò, ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ nípa ìtì. Ìwọ náà kúkú ń ru omi.”

Ìbídùn dìde, ó wo ìtì náà. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ló ti ń ru omi kọjá lórí ìtì yìí, kò sì fọ́ ìkòkò rí. Ó fẹ́ gbìyànjú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n òjò dé, ó sì rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ló bá gbé abọ́ omi rù nínú ilé, ó ń gbé e kọjá lórí àpótí ìjókòó àti ọmọ odó, ó ń fi ara mọ ohun tí orúnkún ń ṣe àti ohun tí ọrùn ń ṣe. Túbọ̀sún bi ìyá rẹ̀ bóyá orí ìyàwó òun ṣì pé. Ìyá ní kí ó fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ pé, oòrùn yọ, abúlé tú jáde. Àwọn kan gun orí àpáta, àwọn kan rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Ọdẹ́yalé ló kọ́kọ́ gùn. Ó ń sáré bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, omi odò tú yááyáá sí méjèèjì, nígbà tó sì dé ìdí ìtì, ó fò ó bí ìgalà, ó balẹ̀ gbì. Ariwo sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí baálẹ̀ ṣí àpótí, ẹyin mẹ́fà ti di ọbẹ̀. Obìnrin kan láàárín èrò bèèrè bóyá kí òun lọ mú àlùbọ́sà wá.

Ó wá kan Ìbídùn. Kò jókòó rárá. Orí ibi ìtẹ̀sẹ̀ ọ̀kadà ló dúró sí láti ìsàlẹ̀. Ọ̀kadà ń jó lórí gbòǹgbò, orúnkún rẹ̀ sì ń gba ijó náà, kò jẹ́ kó dé ọrùn. Ó la odò kọjá. Ọ̀kadà fẹ́ yọ̀ mọ́ ọn lábẹ́ lórí àpáta tútù, ó jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀, ó sì ń lọ. Ayọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè nínú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin.

Ìgbà náà ni ìtì yọ. Òjò ti fọ màrìwò méjèèjì mọ́, afẹ́fẹ́ ń jù wọ́n fìrìfìrì. Ojú rẹ̀ fà síbẹ̀. Kíá ni táyà iwájú náà yà síbẹ̀, àfi bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi so ojú mọ́ táyà.

Ìbídùn gbé àgbọ̀n sókè, ó na ọrùn bí ẹni tó ru omi. Ó wo òdìkejì ìtì, níbi tí Ìyá Mọrádéún dúró sí, tí Akínjídé ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ọmọ náà ló tẹjú mọ́, kò sì yẹjú. Táyà tọ́ sọ́nà. Ó tẹ orúnkún, ó fún ọ̀kadà níná: táyà iwájú gbéra nílẹ̀, ó gorí ìtì, tẹ̀yìn tẹ̀ lé e, ó sì sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ológbò.

Kò sẹ́ni tó mí títí baálẹ̀ fi ṣí àpótí. Ó ka ẹyin, ó tún wọn kà, ó gbé ẹ̀kẹwàá sókè sójú oòrùn kí gbogbo ènìyàn rí i. Gbogbo ibẹ̀ wá dàrú fún ayọ̀. Ọdẹ́yalé ti èrò sẹ́yìn, ó wá dúró níwájú Ìbídùn.

“Ìyàwó wa, báwo lo ṣe ṣe é?”

“Mi ò wo ibi tí mo ti ṣubú mọ́, ọkọ mi. Ibi tí mò ń lọ ni mo wò.”

Ọdẹ́yalé yí pa dà. Ó lọ sídìí ìtì, ó tú màrìwò méjèèjì, ó sì gbé wọn lọ so sókè sára igi kan ní iwájú, níbi tó yẹ kí ojú ọlọ́kadà máa lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń so ó sí títí dòní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àpótí yìnyín gòkè, yìnyín inú rẹ̀ ṣì le koko. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gún Akínjídé, ọmọ ń ké, ìyá ń rẹ́rìn-ín.

Ẹlòmíràn lè ní ìtàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní Òkè-Àfọ̀n, nítorí ọjọ́ náà ni tàgbà tèwe ṣe ń pa á lówe pé: ibi tí à ń lọ là ń wò, a kì í wo ibi tí a ti ṣubú.