Fọgánáísà Tó Lọ Ra Ẹ̀rọ Ìkàwé

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Ìpólé-Odò tó ń jẹ́ Ògúndèjì. Ogójì ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ fọgánáísà lábẹ́ igi máńgòrò kan ní oríta. Ó ń lẹ tíúbù kẹ̀kẹ́, ó ń lẹ ti ọkọ̀, kò sì sí táyà tó jò ní agbègbè náà tí ojú ihò rẹ̀ lè fara pa mọ́ fún un. Ìwé tó kà kò pọ̀. Ó lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì lè ka nọ́ńbà tó wà lára táyà. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé ló fi ṣaya. Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ìlú ló sì ń pè é ní Tíṣà, títí kan ọkọ rẹ̀. Bí Tíṣà bá ń kàwé, Ògúndèjì a máa wò ó, ẹnu a sì máa yà á. Ó ní òun mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ inú táyà, nítorí òun rí pọ́ǹpù, òun sì rí ọwọ́ tó ń tì í. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti kú láti ayébáyé ṣe ń gba ojú wọlé, tó tún ń gba ẹnu jáde, ìyẹn ju òye òun lọ.

Tíṣà ló ń ka Ìwé Orúkọ ìlú. Lọ́dọọdún, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, àwọn ará Ìpólé-Odò a pé jọ sí ojúde ọba, wọn a sì gbọ́ orúkọ gbogbo ọmọ ìlú tó ti kú, láti orí ẹni tó tẹ ìlú dó títí dé orí ẹni tó kú gbẹ̀yìn, pẹ̀lú ìdílé tó ti wá àti iṣẹ́ tó ṣe láyé. Ìgbà tí oòrùn bá yọ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí kí ó tó wọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni í kà á. Wọn kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé a kì í pín òkú ìlú sí méjì. Bí ojú bá rẹ òǹkàwé lọ́nà, orúkọ tó bá kù di ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tó yá, ìwé náà gbó, ikán sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ létí. Ìbídùnní, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún Tíṣà àti ọkọ rẹ̀, ló fi oṣù mẹ́fà tẹ gbogbo orúkọ náà sínú kọ̀ǹpútà, tó sì kó wọn sínú ẹ̀rọ ìkàwé pẹlẹbẹ kan fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbé e dé, Ògúndèjì gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sókè sódò. Kò wúwo tó ife omi kan.

"Ṣé gbogbo òkú ìlú yìí ló wà nínú eléyìí?"

"Gbogbo wọn ni, Bàbá mi. Àyè ṣì tún kù."

Ògúndèjì bá ṣí fìlà lórí. Ìbídùnní rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín, kò sì dé fìlà náà padà títí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ wọ yàrá.

Ọdún kejì rẹ̀, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta gbé Ìbídùnní lọ. Ẹ jẹ́ kí n má sọ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí ti mọ̀. Ohun tí gbogbo ìlú rí ni pé orúkọ ọmọ tó kó òkú ìlú jọ ni yóò gbẹ̀yìn nínú wọn lọ́dún náà. Àwọn àgbà wá bá Tíṣà nílé, wọ́n ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á lọ́tẹ̀ yìí, pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ẹnu abiyamọ.

Tíṣà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹnu tó sọ ọ́ lórúkọ náà ni yóò pè é."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ náà pé ni ẹ̀rọ ìkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi ṣájà sí i fún odidi ọjọ́ kan, kì í lò tó wákàtí kan kó tó kú. Tíṣà ní kí wọ́n gbé e lọ sí ìgboro fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìgboro kẹ̀? Ta ló mọ ohun tó ń jò jù mí lọ?"

Ẹ má tíì fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó ronú dáadáa. Ó ní ohun tí a bá rọ nǹkan kún inú rẹ̀, tí nǹkan náà kò dúró, jíjò ló ń jò. Ohun tó bá sì ń jò, omi ni í tú àṣírí rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Tíṣà lọ sí ìpàdé ìjọ, Ògúndèjì bu omi sínú báàfù tó fi ń wá ihò tíúbù, ó rọra tẹ ẹ̀rọ náà bọ inú rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Àní sẹ́, omi hó ní igun kan! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá kọrin. Ó nu ojú ibẹ̀, ó fi bébà tó fi ń ha tíúbù ha á, ó kun sólúṣọ̀n tí wọ́n fi ń lẹ táyà, ó lẹ rọ́bà pupa mọ́ ọn, ó sì gbé òkúta lé e kó lè mú.

Nígbà tí Tíṣà dé, ó rí ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀ lábẹ́ òkúta, omi ń kán láti inú rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé.

"Bàbá Ìbídùnní," ó ní, "ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e fún mi."

Ògúndèjì ì bá fẹ́ kó lu òun. Ó lóṣòó tì í. "Tíṣà, jọ̀ọ́. Mo fẹ́ tún un ṣe ni. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ náà ni mo ṣe."

Tíṣà gbé òkúta kúrò lórí ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ìbídùnní kó orúkọ wọn sínú fíláàṣì kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ó wà nínú àpótí aṣọ mi. Ẹ̀rọ ló kú, orúkọ ò kú. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ wá òmíràn."

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń jẹ́ Mopélọ́lá ní ìgboro. Mopélọ́lá kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì to ẹ̀rọ mẹ́ta síwájú wọn. Ọ̀kan fẹ̀ bí àwo oúnjẹ, ó ń tàn yòò, àwòrán inú rẹ̀ ń rìn, ó sì ń kọrin. Ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ̀kẹta wá dà bí ẹni tí wọ́n fi eérú pa lára: kò ní àwọ̀, kò lè kọrin, bí wọ́n bá sì ṣí ojú ewé, yóò kọ́kọ́ ṣú ná kí lẹ́tà tó hàn. Èyí tó ń tàn ni ojú Ògúndèjì lọ tààrà. Ọkùnrin náà la ẹnu sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Èyí ni ká mú," ó ní. "Inú ilé tó mọ́lẹ̀ báyìí ló yẹ ká gbé ọmọ mi sí."

Mopélọ́lá bojú wo Tíṣà, ó tún wo bàbá. "Ó dáa, sà. Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe?"

"Tíṣà ni yóò máa fi kàwé," ni Ògúndèjì dáhùn. "Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nínú oòrùn."

"Háà. Ojú ò dọ́gba, sà. Mi ò lè fi ojú tèmi bá màmá yàn án."

Ọ̀rọ̀ yìí ló rán Ògúndèjì létí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, táyà tí mo bá lẹ̀ láàárọ̀, mi kì í jẹ́ kí ẹni tó ni ín gbé e lọ. Mo máa fi pọ́ǹpù fẹ́ ẹ, mo máa gbé e ti igi máńgòrò. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ tó ṣì le, ó lè máa gbé e lọ. Gbé àga kan síta fún Tíṣà." Mopélọ́lá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé àga síta, ó fi fíláàṣì kó àwọn orúkọ náà sínú ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì béèrè bóyá orúkọ kan ṣì kù láti fi kún un. Tíṣà ní ọ̀kan kù. Ó gba ẹ̀rọ, ó sì fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí ó fi parí. Mopélọ́lá fi èyí tó tẹ̀ náà kún ti àwọn méjì yòókù.

Wọ́n fi èyí tó ń tàn bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí Tíṣà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Oòrùn sọ ẹ̀rọ náà di dígí.

"Bàbá Ìbídùnní, ara mi ni mò ń rí nínú ẹ̀. Mi ò rí orúkọ mọ́."

Ògúndèjì sún mọ́ ọn. Ojú aya rẹ̀ ti pọ́n, ipin sì ti kó sí i ní igun méjèèjì. Ó fi etí bùbá rẹ̀ nu ún fún un, kò sì tún wo ibi tí ẹ̀rọ náà wà mọ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò gbà wọ́n lásìkò: bí wọ́n bá sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ló ń gba ojú ewé kan.

Wọ́n padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì fún èyí tó rí bí eérú. Ohun tí Ògúndèjì rí lọ́jọ́ náà, ó sọ ọ́ títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Bí oòrùn ṣe ń le, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ń dúdú sí i. Oòrùn tó pa ti àná, òun ló ń la ojú tòní. Lọ́sàn-án gangan, ó dìde dúró lẹ́yìn Tíṣà, ó ń wo àwọn orúkọ tí kò lè kà bí wọ́n ṣe dúró gbọnin lójú ewé, ẹ̀rù jẹ́jẹ́ kan sì bà á, irú èyí tí í ba ènìyàn níwájú àgbà. Ó ṣí fìlà. Nígbà tí Mopélọ́lá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, Tíṣà ṣì ń kà.

"Ojú rẹ ńkọ́?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ojú wo?" ni Tíṣà fèsì, kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

Ọjọ́ náà pé. Àró, ìjòyè ìlú kan tó jẹ́ àgbàlagbà, tí ẹnu rẹ̀ sì mú, rí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Tíṣà, ó sì yínmú. "Ògúndèjì, o dé ìgboro, o ò rí ohun tó dán. Ohun eléérú yìí lo fẹ́ fi ka àwọn bàbá wa?"

"Ẹ jẹ́ kó di alẹ́, Baba."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó tẹ ìlú dó. Ó ka àwọn àgbẹ̀, ó ka àwọn alágbẹ̀dẹ, ó ka àwọn abiyamọ tó kú lórí ìkúnlẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Bí orúkọ ìdílé kan bá dé, àwọn ọmọ ilé náà a dìde dúró. Oòrùn kan àtàrí, ó yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ohùn Tíṣà kò sì ṣì ìlà kan. Ògúndèjì kò gbọ́ orúkọ mọ́. Ojú aya rẹ̀ nìkan ló ń wò. Kò sí ohun méjì tó ń bẹ̀bẹ̀ fún, àfi kí ojú yìí má kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kó tó débẹ̀.

Oòrùn ku díẹ̀ kó wọ̀ nígbà tí Tíṣà ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ mọ́ gaara. Ó kà á ketekete:

"Ìbídùnní, ọmọ Ògúndèjì fọgánáísà àti Abọ́sẹ̀dé tíṣà. Òun ló kó gbogbo wa jọ."

Ògúndèjì dìde. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé wọn tí ì bá dìde pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n Àró dìde, lẹ́yìn náà ni gbogbo ojúde ọba dìde, tọmọdé tàgbà. Ìgbà náà gan-an ni omi tó bọ́ lójú Tíṣà. Ó ti ka ìlà tó gbẹ̀yìn tán.

Àró rìn lọ bá Ògúndèjì, ó ṣí fìlà tirẹ̀ náà. "Mo bẹ̀ ọ́," ó ní. "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n yàn?"

"Baba, èyí tó dán náà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú. Ó ti fi ipin sí Tíṣà lójú kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù." Ó na ọwọ́ sí ojú aya rẹ̀ tó tutù, tó sì mọ́. "Èmi náà wá rí i."

Ìlú mìíràn lè ní bí òwe yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn, mi ò bá wọn jiyàn. Ní Ìpólé-Odò, ojúde ọba ni wọ́n ti gbé e lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun ni wọ́n sì fi ń gba ẹni tó bá fẹ́ yan ọ̀rẹ́, aya tàbí ohun èlò nímọ̀ràn títí dòní: ojú tí yóò bá ni kalẹ́, kì í tàárọ̀ ṣepin.