Páànù Gbọ̀ngàn Ìlú

Ìlú kan yọ owó sọ́tọ̀ fún ilé ìkọ́ṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́, kí oògùn olóró má baà bà wọ́n jẹ́. Alága ìbílẹ̀ fẹ́ fi kọ́ gbọ̀ngàn ìlú. Ìyá Mojírọ́lá, aránṣọ tó ń kọ́ wọn níṣẹ́, kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́:

“Alága, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.”

Alága rẹ́rìn-ín, ó ti ilé ìkọ́ṣẹ́ náà pa.

Gbọ̀ngàn kò tíì pé ọdún méjì tí páànù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Alága fúnra rẹ̀ ló bá olè náà lórí òrùlé: Fọlárìn, ọmọ rẹ̀.

“Fọlárìn! Èmi bàbá rẹ nìyí!”

Oògùn kò jẹ́ kí ọmọ náà dá a mọ̀. Ó ní, “Alàgbà, páànù mélòó lẹ fẹ́ rà?”