Olóhùn Tí Kò Gbóhùn

Gbádégẹṣin ará Òkè-Àrán kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Tìṣà ni kó tó di olówó, èdè Yorùbá ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé àmì ohùn kan péré, Gbádégẹṣin á bi í pé, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń pè é nílé yín nìyẹn?” Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, onítọ̀hún á sì yára fi àmì síbi tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí náà ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Lọ́dún kan, Lájídé, àbúrò bàbá rẹ̀, fẹ́ lọ kí àwọn àna rẹ̀. Bàbá ìyàwó ti ní kó bá òun ra ọkọ́ bọ̀ fún iṣẹ́ oko. Lájídé wá fi fóònù kọ ọ́ ránṣẹ́ pé òun ń mú “oko tuntun” bọ̀. Fóònù ayé ìgbà yẹn kò mọ àmì orí, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ àmì abẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ́ ti kúrò lọ́kàn bàbá ìyàwó, ọkọ̀ tuntun ni àwọn àna kà á sí. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n lé ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n wọ aṣọ tó dára, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà láti wo mọ́tò tí ọkọ ọmọ wọn rà. Ni Lájídé bá fẹsẹ̀ rìn dé, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Bàbá ìyàwó wo ọkọ́, ó wo ojú rẹ̀, ó sì wọlé lọ láì dáhùn ìkíni. Orí ló tiẹ̀ yọ Lájídé tí wọn kò kà á sí ọkọ tuntun!

Gbogbo mọ̀lẹ́bí fi Lájídé ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ Gbádégẹṣin kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Fóònù tí kò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, kí ni wọ́n ṣe é fún?” Ó fi iṣẹ́ tìṣà sílẹ̀, ó wá àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ, pàápàá obìnrin kan tó ń jẹ́ Ibíyẹmí, tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì. Wọ́n ṣe fóònù kan tó ń ya fọ́tò, tó ń gbé ìròyìn jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì ní bọ́tìnnì fún gbogbo álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Ẹ, ọ àti ṣ ní bọ́tìnnì tiwọn, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ náà ní tiwọn. Ó sọ fóònù náà ní Olóhùn.

Háà, Olóhùn tà! Tìṣà ń rà á, pásítọ̀ àti àáfà ń rà á, àwọn ọlọ́jà ń rà á. Bọ́tìnnì rẹ̀ ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni ń pa ẹ̀kùrọ́. Ẹni tí kò bá ní Olóhùn kì í fẹ́ yọ fóònù lápò láàárín ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Àrán kò wọ mọ́tò lọ wáṣẹ́ ní Èkó mọ́, nítorí ilé-iṣẹ́ Olóhùn ló ń bọ́ ìlú. Ọba sì fi Gbádégẹṣin jẹ Aṣọ́hùn ti Òkè-Àrán.

Òfin kan wà nílé-iṣẹ́ náà: ẹnikẹ́ni kì í pe ọ̀gá lórí fóònù, ńṣe ni wọ́n ń kọ̀wé sí i. “Ohùn tí a kò bá kọ sílẹ̀, atẹ́gùn ló ni ín,” bí Gbádégẹṣin ṣe máa ń wí nìyẹn. Abẹ́ òfin yìí ni ìyá rẹ̀ pàápàá wà, ìyá arúgbó tó ń gbé ní abà Odò-Ọ̀pẹ. Òkè yí abà náà ká, ìpè kì í sì í dúró níbẹ̀. Kí ènìyàn tó kíra tán, á ti já. Gbádégẹṣin fún ìyá rẹ̀ ní Olóhùn àkọ́kọ́ tó jáde, àràárọ̀ ló sì ń kọ̀wé kí i, pẹ̀lú àmì lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ìyá náà kò mọ̀wé. Gbádégẹṣin mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà pé àwọn aládùúgbò á máa kà á fún un.

Kò pẹ́ kò jìnnà, fóònù onídígí dé. Kò ní bọ́tìnnì kankan. Ènìyàn á fọwọ́ kan ojú dígí, á sọ̀rọ̀ sí i, á sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹni tó bá wù ú. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá dára, ohùn náà á dúró. Ìgbà tó bá dára ló máa wọlé. Ibíyẹmí mú ọ̀kan wá sí ọ́fíìsì.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tètè ṣe irú èyí,” ó ní. “Olóhùn tiwa kò lè ṣí ohùn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́.”

Gbádégẹṣin gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Bọ́tìnnì dà?”

“Kò ní, sà.”

“Dígí lásán ni mo rí yìí. Ṣé wọ́n fẹ́ máa fi lé tìróò ni?”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, àfi Ibíyẹmí. “Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, sà. Àwọn ènìyàn ò fẹ́ kọ ọ́ mọ́, wọ́n fẹ́ sọ ọ́. Ẹni tó bá sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ọkọ́ á dún bí ọkọ́, ọkọ̀ á dún bí ọkọ̀. Kí ló tún fẹ́ fi bọ́tìnnì àmì ṣe?”

Ọ̀rọ̀ yìí gún Gbádégẹṣin lọ́kàn. Ó fi ìbínú dáhùn. “Ibíyẹmí, ìwọ náà? Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó lọ kọ́ ọ. Mi ò ní ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́ nítorí àwọn ọ̀lẹ.”

“Ó dáa, sà,” ni Ibíyẹmí wí. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn onídígí.

Ọjà Olóhùn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn tó ń tà á ń dá páálí rẹ̀ padà láì tú u. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú tún ń wọ mọ́tò Èkó. Lọ́jọ́ kan tí Gbádégẹṣin lọ sí ààfin, ó rí i tí Ọba yára ti fóònù onídígí bọ abẹ́ agbádá. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí i, ṣùgbọ́n ó dùn ún dọ́kàn. Láràárọ̀, àmì kékeré kan a máa yọ lójú Olóhùn tirẹ̀ pé ohùn kan wọlé tí kò ṣeé ṣí, láì sọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Gbádégẹṣin á pòṣé pé, “Àwọn ọ̀lẹ tún dé,” á sì pa á rẹ́.

Níkẹyìn, àwọn tó bá a dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ sọ ojú abẹ níkòó: kó gbà kí wọ́n ṣe fóònù onídígí, tàbí kí wọ́n tilẹ̀kùn. Gbádégẹṣin ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kí ìyá òun ná.

Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe dé Odò-Ọ̀pẹ. Ìyá jókòó lábẹ́ igi orógbó pẹ̀lú Sùbúọlá, aránṣọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Fóònù onídígí wà lọ́wọ́ ìyá, ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbàdàn tọmọtọmọ.

“Màámi, ta ló fún yín nírú èyí?”

“Àlàó! Ìwọ rèé!” Oríkì rẹ̀ ni ìyá fi ń pè é. “Sùbúọlá ló fún mi, tirẹ̀ àtijọ́ ni.”

“Olóhùn tí mo fún yín ńkọ́?”

Ìyá wọlé, ó gbé e jáde láti inú àpótí. Ó fi gèlè wé e, ó ń dán, ìlà kan kò fà á lára. “Mo tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ó dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan tó ń sọ.”

Ojú ti Gbádégẹṣin. “Ẹ̀ bá ti ránṣẹ́ sí mi, Màámi.”

“Ránṣẹ́ kẹ̀? Àràárọ̀ ni mò ń ránṣẹ́ sí ọ! Mo ṣáà ń sọ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o dá mi lóhùn.”

Ìyá fọwọ́ kan ojú dígí. Ohùn rẹ̀ jáde: “Àlàó o! Ṣé dáadáa lo jí? Mo gbọ́ pé ọjà ò yá. Má jẹ̀ẹ́ kó pa ọ́ lẹ́kún jù. Wá jẹun nílé.” Ó tún kan òmíràn, ó tún kan òmíràn. Nínú gbogbo wọn ló ti ń pe Àlàó, á fà á gùn, á wá gbọ̀n díẹ̀ níparí. Gbádégẹṣin tó mọ gbogbo àmì ń wá èyí tí ì bá fi sórí ìgbọ̀n ohùn yẹn, kò rí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

“Màámi, ẹ má bínú. Fóònù mi ni kò lè gbà á.”

Ìyá wò ó lójú, kò bínú rárá. “Ta ló ṣe fóònù náà, Àlàó?”



Nígbà tí Gbádégẹṣin padà dé Òkè-Àrán, ó gbà kí wọ́n ṣe onídígí, òun fúnra rẹ̀ ló sì pe Ibíyẹmí pé kó jọ̀ọ́ kó wá. Ibíyẹmí wá, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì sọ òótọ́ fún un pé àwọn mìíràn ti gba ọjà tán. Wọ́n gbìyànjú díẹ̀, kò gbéra. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn, àwọn òṣìṣẹ́ kóra jọ sí iwájú ilé-iṣẹ́, àgbàlagbà kan nínú wọn sì béèrè pé, “Ọ̀gá, kí ló ṣe wá gan-an?”

Gbádégẹṣin ṣí fìlà. “Kò sí ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ àmì orí rẹ̀,” ó ní. “Ìyá mi ń pè mí láràárọ̀, mi ò gbọ́.”

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn àgbà Òkè-Àrán bá rí ọ̀mọ̀wé tí kò fẹ́ gbọ́rọ̀ sẹ́nìkan lẹ́nu, òwe tí wọ́n ń pa fún un ni pé: “Àmì la fi ń mọ ohùn, etí la fi ń gbọ́ ọ.”