Wọ́n Ti Jáde

Ọkùnrin kan wà nínú ìdílé wa, àgbẹ̀ pọ́ńbélé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó tó sun oko rẹ̀, á rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ láti ro ìdí ọ̀pẹ, kí iná má baà jó àwọn ọ̀pẹ náà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí kálukú ń ṣiṣẹ́. Òun á dúró lódìkejì pẹ̀lú ògùṣọ̀, ìyàwó rẹ̀ á ṣọ́ ẹnu ọ̀nà oko. Ọkùnrin náà á kígbe bi í pé, "Ṣé wọ́n ti jáde?" Bí ìyàwó bá ti dáhùn, á dáná.

Lọ́dún mìíràn, kò séwu. Lọ́dún mìíràn, àbúrò kan á sáré jáde nínú èéfín. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sùúrù díẹ̀ kí ó tó dáná. Ewu náà dín kù, kò tán. Ní ọdún kan, iná ká àbíkẹ́yìn mọ́ àárín oko. Orí ló yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò nà mọ́.

Ọkùnrin náà búra pé òun kò ní dáná mọ́ títí òun yóò fi rí ìdí rẹ̀. Ó kó gbogbo wọn padà sóko láìsí iná, kí kálukú ṣe bí ó ti ń ṣe. Ọ̀pá ni àbíkẹ́yìn fi wọ inú oko.

"Ṣé wọ́n ti jáde?"

"Wọ́n ti jáde!"

Ó rìn wá sí ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló bá níbẹ̀.

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

Ìyàwó ní, "Bàbá yìí ni mo ń sọ pé wọ́n ti jáde. Àbí kí n máa pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní 'ó'?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Dán an wò ná!"

Ọ̀rọ̀ yé ọkùnrin náà. Ọdún tí ẹ̀gbọ́n bá jáde kẹ́yìn, gbogbo wọn ti bọ́. Ọdún tí ẹ̀gbọ́n bá ṣáájú, iná ń bọ̀ lórí àwọn àbúrò. Láti ọjọ́ náà, orúkọ ló ń pè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó pè á sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Iná kò ká ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ìdílé wa.

Àkànó, ọmọ ọmọ mi, o ti jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí láti ọjọ́ Ajé. O ní ètò kọ̀ǹpútà rẹ ń rán iṣẹ́ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti lọ kó èsì wá, ó ń dúró dè wọ́n, síbẹ̀ èsì àyẹ̀wò àwọn aláìsàn ń pé lónìí, kì í pé lọ́la. O fẹ́ kí ó máa dúró díẹ̀ sí i kí ó tó kó èsì jọ. Sùúrù olóko nìyẹn. Wo ohun tí ètò rẹ ń béèrè: ṣé gbogbo wọn ni, àbí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn? Pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀, kí o gba èsì lẹ́nu rẹ̀. Má dáná títí wàá fi gbọ́ ohùn àbíkẹ́yìn.